Àpá Tó Wà Níwájú Bàbá Mi

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá mi, mọ́tò Bàbá ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn fún ìtọ́jú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ oṣù ni èmi ń ṣe ní tèmi, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń ráyè. Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn níbi tá à ń gbé kò sì ṣeé fi ọ̀kadà gbé ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti kú. Bí Bàbá ò bá lè wakọ̀ mọ́, ilé ni ìyá mi máa jókòó sí. Gbogbo wa la mọ̀, a ò kàn sọ ọ́ jáde ni.

Nígbà ọyẹ́, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wáípà ti họ gíláàsì iwájú mọ́tò, pé àpá rẹ̀ ń dí àwọn lójú. Irọ́ kọ́. Rọ́bà wáípà ti jẹ tán, irin ló fi ń wọ́ eruku, ó sì ti fa ilà méjì sára gíláàsì. Wọ́n gbọ́ níbì kan pé ọṣẹ ìfọyín máa ń pa á rẹ́. Wọ́n tẹ ọṣẹ ìfọyín tèmi tán pátápátá sórí gíláàsì, wọ́n fi àkísà nù ún títí. Mọ́tò ń ta sánsán bí ẹnu ọmọ iléèwé, àpá ò kúrò. Inú bí mi o.

Mo bá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń dán gíláàsì mọ́tò ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní kí Bàbá jókòó sídìí ọkọ̀, ó na máàkà sí wọn.

“Dádì, ẹ wo iwájú bí ẹni tó ń wakọ̀. Ibi tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ bá mi sàmì sí i látinú.”

Bàbá sàmì. Ọkùnrin náà po ẹ̀bù funfun mọ́ omi, ó kùn ún sára gíláàsì, ó gbé ẹ̀rọ tí fóòmù wà lẹ́nu rẹ̀ lé e, ó sì ń wọ́n omi sí i kó má bàa gbóná kó sán. Nígbà tó nù ún tán, mo fi èékánná wá àpá náà tì.

Bàbá tún jókòó. “Ó kù síbí.” Wọ́n sàmì sápá òsì. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn, kò rí nǹkan kan, àmọ́ ó dán an. Lẹ́yìn ìyẹn, apá ọ̀tún lókè ni wọ́n tún sàmì sí.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́ jàre, gíláàsì yìí ti mọ́!” mo ní.

Bàbá yí orí díẹ̀, àpá náà sì bá wọn yí, wọ́n fi máàkà tẹ̀ lé e. Wọ́n tún yí orí, wọ́n tún tẹ̀ lé e, títí ọwọ́ wọn fi jáde lójú fèrèsé tá a ti ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, tí máàkà dúró nínú afẹ́fẹ́ lásán. Kò sí gíláàsì níbẹ̀, síbẹ̀ àpá ṣì wà lójú wọn. Bàbá náà ń wo ọwọ́ ara wọn.

Wọ́n dé máàkà, wọ́n dá a padà fún ọkùnrin náà. “O ṣeun, ọmọ mi. Iṣẹ́ ẹ dáa.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rọra yí mọ́tò po, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n sì jókòó síbi tí ìyá mi máa ń jókòó.

“Ìwọ ni kó o wà á lọ sílé,” wọ́n ní. “Má tíì sọ fún ìyá ẹ.”