Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lápá Ìyá Mi

Ìyá mi á kí ìrun Àsárì tán, á jókòó díẹ̀, á dìde, á tún lọ ṣe aluwàlá, á tún un kí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta pákó, ń fi í yangàn káàkiri Òjòwò, àdúgbò wa. Ààfáà mọ́ṣáláṣí wa fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí ìrun ẹyọ kan ń wúwo lọ́rùn wọn wá wo ìyá àgbà. Àwọn aládùúgbò ń wá gba àdúà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ò rí ìfọkànsìn kankan níbẹ̀, ìgbàgbé ni mo rí. Obìnrin tó fi obì títà kọ́ wa níwèé, tó lè wo inú agbọ̀n kó sọ oko tí obì ti wá, ló mú awẹ́ obì dání tó ń bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Dókítà kan tí mo mọ̀ níbẹ̀ bi màmá ní ìbéèrè títí, ó ní ó jọ àrùn ìgbàgbé tí òyìnbó ń pè ní Alusáímà. Ó ní tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ, ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹ̀jẹ̀ apá lè fi àmì rẹ̀ hàn.

Ẹ̀gbọ́n mi fárí gá. “Nítorí pé màmá ń sin Ọlọ́run lo ṣe fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn? Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí, ẹ ò ní pa wá.”

Kí ni mo kúkú ń wá? Ká lè mọ ohun tó ń ṣe é, ká sì máa fi sùúrù bá a gbé, kí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fún un má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí màmá bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ta ni í ṣe, ló tó gbà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní àmì náà hàn gbangba, pé ó bá ohun tí òun ti rí mu. Ó ní kò sí oògùn tó lè wò ó sàn, ká ṣáà jẹ́ kó máa ṣe ohun tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi gba èsì lọ́wọ́ mi, ó di ilé ààfáà. Bó ṣe dé, ó ká ẹní ìkírun màmá, ó ti búútà tí màmá fi ń ṣe aluwàlá mọ́ yàrá tirẹ̀. Ó ní ààfáà ní ìrun ò pọn dandan fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, pé lójú tòun, màmá kàn ń da omi sílẹ̀ lójú àlejò ni. Ohun tó fi ń yangàn lánàá ti di ìtìjú. Inú bí mi, mo pariwo mọ́ ọn.

“Ṣebí ìwọ lo ní ká yẹ̀ wọ́n wò,” ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà korò lọ́fun mi ju ewúro tí a ò fọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìrun Àsárì tó, màmá wá búútà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wá a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde sí wa ní pálọ̀.

“Ṣé wẹn ti pe ìrun Àsárì?”

Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti dá a lóhùn. “Ẹ ti kí i, màmá.”

Ìyá mi wo ojú rẹ̀, ó gbà á gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó.