Ìṣínu Tí Mo Fi Sùpàgẹ́tì Sè

Òórùn àlùbọ́sà nínú òróró gbígbóná ló máa ń mú mi rántí ìrọ̀lẹ́ Alàmísì kan ní Ìwó, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ìyá mi ti lọ wẹmọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ilé-Ogbó, ìdáná wá dọwọ́ mi. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Álúfà, kì í pa ààwẹ̀ Àtìní àti Alàmísì wọn jẹ.

Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ni ìyá mi ní kí n fún wọn ṣínu. Èmi ò gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹnu ya bàbá mi. Ìyá Délé, aládùúgbò wa tó ń ṣe tíṣà, tí wọ́n sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ti fún mi ní agolo sọ́séèjì kan. Mo fọ sùpàgẹ́tì lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń fọ ìrẹsì, mo sè é, ó lẹ̀ mọ́ra díẹ̀, mi ò kà á sí. Mo gé sọ́séèjì wẹ́wẹ́, mo dín in pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, mo rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lé e lórí. Kò gbà mí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Orí mi wú!

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbà, bàbá mi jókòó ti abọ́. Wọ́n mú ègé sọ́séèjì kan sókè. "Ràfíà, ẹran kí lèyí?"

Ìyá mi kì í yé sọ ọ́ pé abèèrè kì í ṣìnà, èmi ò sì béèrè. Bó bá wá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? "Mi ò mọ̀, Bàbá. Ìyá Délé ni wọ́n fún mi."

Mo ti ń retí ìgbájú. Wọ́n dá ẹran padà, wọ́n fi ọmọrí dé abọ́. "Lọ bi wọ́n. Mo ń dúró dè ọ́." Ẹni tí kò tíì jẹun láti ìdájí mà ni o.

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Délé, omijé lójú mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹran màlúù ni, jàre. Ṣé mo lè fún ọmọ Álúfà ní nǹkan láìka ara agolo ẹ̀ ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

Bàbá mi jẹ ẹ́ tán. Ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́, sùpàgẹ́tì ń yọ̀ bọ́ sí irùngbọ̀n wọn, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Ìdáná ti mọ́ mi lára, sùúrù ni kò tíì mọ́ mi lára. Ebi díẹ̀ báyìí, mo ti jágbe mọ́ ọmọ kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń tì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lanu, mo tún pa á dé. "Jókòó," mo ní, "sọ bó ṣe jẹ́ fún mi."

Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí mi, bóyá ara mi ò yá ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì sọ òótọ́ fún mi.