Ìkòkò Abí àti Ìbò Amẹ́ríkà

Ìró garawa ló jí mi láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ àdúgbò wa níhìn-ín l'Áyédé ti gbé garawa wọn wá sídìí ẹ̀rọ omi tó wà níwájú ilé mi, wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra wọn lórí sìmẹ́ǹtì, kó, kó, kó, wọ́n sì sá lọ ṣeré. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ. Bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí bá gbọ́ irú ìró yẹn, ẹ ó rò pé omi lásán ni wọ́n fẹ́ pọn. Ní tèmi, ìbò ni mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi Abígéẹ̀lì, tí gbogbo wa ń pè ní Abí, wà lọ́mọdé, kò sí ẹ̀rọ omi kankan. Odò la máa ń lọ, nísàlẹ̀ oko kòkó, lójú ọ̀nà tó tutù minimini, tí ewé kòkó gbígbẹ ń dún ṣàkàṣàkà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, odò náà á gbẹ títí á fi ku ojú ìsun kan ṣoṣo, tí omi rẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ bí omijé ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń sunkún. Igbá kékeré la fi ń bù ú. Ẹni tó bá di igbá náà mú là ń pè ní olórí odò, òun ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bù. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ló ń gbé lọ sílé.

Ọdọọdún la máa ń yan olórí odò, àwa ọmọdé fúnra wa, kò sí àgbà tó ń dá sí i. A kì í nawọ́, a ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àpótí ìbò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ olórí á gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, kálukú á wá gbé tirẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò ẹni tó wù ú. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù ló gba igbá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Kíkẹ́, ọmọ bàbá tó ń ra kòkó, gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti pín ẹ̀pà yíyan fún gbogbo wa. Abí náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ìkòkò tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ lápá kan. Kò pín nǹkan kan. Ó kàn ní, "Àwọn ọmọ kéékèèké ni kó máa kọ́kọ́ bù, àti Ìyá Rúùtù tí kò rí ẹni rán."

Bánjí, tí ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀, pariwo pé, "Abí, ulé ni kó o lọ, lọ jẹ usu rẹ! Ta ló fẹ́ dúró de ọmọ ọwọ́ kó tó pọnmi?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tóyìn, Rópò, Ọmọ́wùmí, Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀yìn Kíkẹ́ ni gbogbo wọn tò sí. Ìkòkò tèmi nìkan ló wà lẹ́yìn ti Abí. Kíkẹ́ wò mí. "Ṣé ẹ̀pà mi ò dùn ni?"

"Ó dùn. Mo ti jẹ ẹ́ tán."

Abí bojú wẹ̀yìn, ó wo ìkòkò mi bí ẹni pé gbogbo Ayédé ló tò síbẹ̀. Ó ní, "Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀."

Kíkẹ́ gba igbá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ́kọ́ bù, àwọn ọmọ kéékèèké ń ru ẹrẹ̀ lọ sílé. Abí kò bá a jà. Omi tirẹ̀ ló ń gbé lọ fún Ìyá Rúùtù, á tún padà wá tò. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Tóyìn fi gbé ìkòkò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e sẹ́yìn tèmi, tó ṣì wà lẹ́yìn ti Abí. Rópò tẹ̀ lé e. Bánjí náà ń bọ̀, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Nígbà tó ku Kíkẹ́ nìkan lórí àpáta pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, ó ní, "Abí, ibo ni kí n gbé tèmi sí?"

"Níbi tó bá ṣẹ́ kù. Ṣé bàbá mi ló ni odò ni?"

Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì na igbá sí i.

Abí kú lọ́yẹ́ tó kọjá yìí. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láìdánu dúró. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìkòkò elétí ṣíṣẹ́ yẹn fún mi. Ó ti tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá. Mojí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tí mo pọ̀n lẹ́yìn mi, ti pẹ́ l'Ámẹ́ríkà. Kí ìyá rẹ̀ tó lọ ló ti sọ fún wa lórí fóònù pé òun fẹ́ du ipò olórí ìlú ńlá tí òun ń gbé. Ó ní, "Bí alága káńsù ni, Màmá, àmọ́ ìlú náà tóbi gan-an."

Abí bi í láti orí ibùsùn àìsàn pé, "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Wọn ò tíì pọ̀, Mọ́mì."

"Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀." Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Bí mi ò bá sí, ìwọ bá mi gbọ́ èsì."

Lọ́jọ́ ìbò, mo gbé ìkòkò Abí sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀rọ omi, mo gbé garawa mi sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Fẹ́mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wa jọ kángun síra, rí mi. "Ẹ̀yin Màmá yìí! Ẹ ti ń dìbò Amẹ́ríkà láti Ayédé? Wọn á ní ẹ ṣe màgòmágó o!"

Mo ní, "Kí wọ́n wá mú mi."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni fóònù dún. Ojú ọjọ́ ń já nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà. Mojí ni, ó ń sunkún. "Màmá, Méyọ̀! Méyọ̀!" Ó já.

Ohun tí mo gbọ́ ni "má yọ̀." Kò tilẹ̀ fi "ẹ" síwájú rẹ̀. Mo ní ìbànújẹ́ ló gba ọ̀wọ̀ lẹ́nu ọmọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ìkòkò Abí. Báwo ni n ó ṣe jẹ́ iṣẹ́ yìí fún un?

Ìyá Fẹ́mi jáde. "Màmá, kí ló dé?"

"Mojí ní kí n má yọ̀."

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín bá bú jáde lára rẹ̀. "Màmá! Méyọ̀ ni wọ́n ń pe alága ìlú lọ́hùn-ún! Ó ti di Méyọ̀. Ọmọ yín ti wọlé!"

"Irú oyè wo nìyẹn, tó ń ní kéèyàn má yọ̀?"

"Ẹ yọ̀, Màmá. Ẹ yọ̀ dáadáa."

Mo yọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin Abí, eyín mi ò tíì rí ìta bẹ́ẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, Ìyá Fẹ́mi náà ò mọ èyí tí òun ì bá bá mi ṣe nínú méjèèjì.

Odò wa ti di igbó báyìí. Bánjí wà n'Íbàdàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Tóyìn àti Rópò ti lọ bá Abí. Kò sí ọmọ tó ń yan olórí odò mọ́, omi tó mọ́ ló ń jáde fún ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn. Àmọ́ nígbà tí mo dìde láàárọ̀ yìí tí mo yọjú lójú fèrèsé, garawa mi ló wà níwájú gbogbo garawa àwọn ọmọ yẹn. Mi ò rán ẹnikẹ́ni kó gbé e síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn odò fún wọn rí.

Mo jáde lọ pọnmi. Ìkòkò Abí ni mo kọ́kọ́ bù ú sí. Kò lè kún, nítorí etí tó ti ṣẹ́ yẹn. Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀.