Ìrìn Ẹsẹ̀ Tó Di Fìrísà

Oòrùn ọ̀sán kì í bẹ̀rù ẹni tó kàwé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo fẹsẹ̀ rìn láti Ibafo lọ sí Mowe, létí títì márosẹ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé mò ń rìn nítorí ìwádìí lórí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Iyanrìn ń wọ bàtà mi, èéfín tírélà ń wọ imú mi, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń ṣe ohun tí ẹnìkan ò ṣe rí. Òótọ́ ni, ẹnìkan ò ṣe é rí. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Jẹjẹrẹ yẹn ti fi mí sílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà ní Ibafo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi. Dókítà wa, obìnrin kékeré kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn pamọ́ kó lè wádìí ìdí tí oògùn kan náà fi ń gba ẹnìkan là tí kì í sì í ran ẹlòmíràn. Àwa méjèèjì fún un ní tiwa. Oògùn ràn mí. Kò ran ẹnìkejì mi. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, iná lọ, fìríìjì àtijọ́ tí dókítà ń lò gbóná, ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sì bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Èmi ni mi ò lè gbé e mì. Mo ní a gbọ́dọ̀ ra fìrísà gidi, èyí tó ní bátìrì tirẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn ẹbí mi ní Ifọ̀. Mi ò tíì pe orúkọ àìsàn náà tán tí gbogbo ilé fi ń fọwọ́ yí orí ká, tí wọ́n ń tàka dànù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ọmọ mi, bí ara rẹ ò bá yá, a ó ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ ti yá. Ta ló ń bá àìsàn dá àjọ? Bó bá wá kó tirẹ̀ ńkọ́?”

Mo jókòó, mo ṣàlàyé ohun tí ìwádìí jẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbọ́ mi dópin.

“Ó ti yé mi. Àwọn dókítà yẹn ò tíì mọ iṣẹ́ wọn, o sì fẹ́ ká sanwó kí wọ́n lọ kọ́ ọ.”

Mo gbé àpò mi, mo padà sílé. Pásítọ̀ wa ní Mowe ní tirẹ̀ gbà kí n sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá lè yọ oògùn kúrò nínú ẹ̀rí ìwòsàn mi.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí mo rí lórí fóònù mi: lókè òkun, èèyàn á rìn lọ, á rìn bọ̀, àwọn ará ìlú á sì dáwó nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbàgbé pé níhìn-ín, ẹni tó bá rówó wọkọ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn.

Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ dúró.

“Màmá, ẹ gùn ún.”

“Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń rìn ni.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn yìí, bí kì í bá ṣe àpò rẹ̀ ló gbẹ, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ló gbóná. Èwo ni tiyín?”

Ó wá ka ara ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n fi wọkọ̀, ó sì gbéra kíá, bóyá nítorí àánú, bóyá kí n má baà kó o ràn án.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà rí. Mo ń dá owó wọn padà, mo ń ṣàlàyé, títí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo fi bínú sí mi: “Ìgbéraga ni yóò pa yín, kì í ṣe jẹjẹrẹ!” Bí mo ṣe jáwọ́ nínú àlàyé nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ẹnìkan ò fún ìwádìí ní kọ́bọ̀. Gbogbo wọn ló fún mi lówó ọkọ̀. Mo rìn ín ní ọ̀pọ̀ Sátidé, mo tilẹ̀ ń tiro díẹ̀ nígbà tí ọjà ò bá yá. Àwọn tí a jọ lọ yunifásítì, tí ojú ń tì pé wọ́n rí mi létí títì, ló fi èyí tó kù kún un. A ra fìrísà.

Mo rò pé wàhálà tán. Ilé ìwòsàn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó títí ẹni ńlá kan yóò fi wá ṣí i. Wọ́n so rìbọ́nì pupa mọ́ ọn, wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù lára. Ẹni ńlá sún ọjọ́ síwájú, ó tún sún un. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá dókítà.

“Dókítà, ibo ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà?”

“Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ,” ó ní, ó sì fojú tọ́ka sí ògiri.

A bọ́ rìbọ́nì náà bí ẹni ń ṣí fìlà, a kó ẹ̀jẹ̀ sínú fìrísà, a dá rìbọ́nì padà. Ó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ayẹyẹ gan-an, tí akọ̀wé ilé ìwòsàn fi gbọ́ ọ tó ń kùn. Ó ní ká pa á, ká kó gbogbo ohun inú rẹ̀ jáde.

“Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló wà níbẹ̀, sà,” ni mo wí.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí ọ̀gá wá tan ohun tó ti tàn ni?”

Àárọ̀ ni wọ́n ní ọ̀gá, ẹni ńlá yẹn, ń bọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó dé. Èmi àti dókítà wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú kúlà, à ń ra yìnyín, à ń dà á sí i, ó ń yọ́, à ń tún òmíràn rà. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí kí n wá dúpẹ́ lórúkọ gbogbo àwọn tí jẹjẹrẹ ò pa. Ọwọ́ mi ti kú sínú yìnyín. Mi ò lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, dókítà yọ àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí kò ṣe é lò mọ́. Mi ò béèrè ti ta ni.

Orúkọ ọ̀gá ló wà lára fìrísà náà lónìí, pé òun ló fi ta wá lọ́rẹ. Mo ti bínú sí i tó. Ìbínú ò dín kù, àmọ́ mo ti wá mọ ibi tí màá lò ó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ pé ọ̀gá mìíràn fẹ́ wá bẹ fìrísà wò, àti pé wọ́n fẹ́ pa á, kí wọ́n kùn ún lọ́dà tuntun kí ọ̀gá náà tó dé. Mo ti sọ fún dókítà pé kó jẹ́ kí n mọ ọjọ́ náà. Màá gbé àga mi wá láàárọ̀ kùtù, màá jókòó síwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹni tó bá fẹ́ yọ wáyà á kọ́kọ́ gbé èmi kúrò.