Ìyá Ọkọ Mi àti Aṣọ Inú Jákẹ́ẹ̀tì Mi

Ìyá ọkọ mi kì í ra aṣọ láìkọ́kọ́ fi kan ọrùn. Wọ́n á dijú, wọ́n á rọra fà á síwá-sẹ́yìn lábẹ́ àgbọ̀n, ẹni tó ń tajà á sì máa wò wọ́n.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí Chicago, ìlú olótùútù, gbogbo ilé wa ní Brays Oaks, níbi tí ooru ti ń mú, ló ní kí n má lọ. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ mi. Bí òtútù bá ti mú mi, egungun á máa ro mí títí màá fi dèrò ọsibítù. Ìyá ọkọ mi nìkan ló sọ pé, "Yóò lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ohun tó máa wọ̀."

Wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ mi, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Èmi ń wá aṣọ inú tí àwọ̀ rẹ̀ dáa.

"Ìyàwó mi, ta ló máa rí inú rẹ̀?"

Wọ́n fi aṣọ wúùlù kan ọrùn, wọ́n ní ó ń yúnni. Nígbà tí wọ́n mú òmíràn, wọn ò tètè lajú. "Gbé ọrùn wá," ni wọ́n wí. Ó rọ̀, ó sì móoru. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an sínú awọ náà, wọ́n sì ṣe é ní ìlọ́po méjì léjìká, níbi tó máa ń ro mí jù.

Yìnyín àkọ́kọ́ bá mi níbùdókọ̀ ní Chicago. Mo ń retí ìrora, kò dé. Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù.

"Màámi, egungun ò ro mí o."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń kígbe sí gbogbo ilé pé, "Ó ní kò ro òun o!" Èmi ni mo bú sẹ́kún láàárín àwọn tí ò mọ̀ mí, mo ń dúpẹ́.