Èbúté Náà, Àna Ni

Bàbá ìyàwó mi kì í já wọlé lójijì. Ní ilé wọn ní Bẹẹrẹ, àní lẹ́nu ọ̀nà yàrá ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n ń wà lórí omi Ẹlẹ́yẹlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ mi, mo sáré fi ọkọ̀ kọlu èbúté débi pé fìlà Bàbá já sómi. Wọ́n wo fìlà tó ń léfòó, wọ́n ní:

“Ṣé báyìí lo ṣe wọlé mi nígbà tó o wá tọrọ ọmọ?”

“Rárá o, Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ ni.”

“Èbúté náà, àna ni. Ọkọ̀ omi ò ní bíréèkì. Tètè pa ẹ́ńjìnnì, kó o fi ẹ̀gbẹ́ rọra sún mọ́ ọn.”

Mo ń lọ, mo ń bọ̀, títí ọkọ̀ fi kan pákó èbúté jẹ́ẹ́, bí ọwọ́ lórí ọmọ tó ń sùn. Bàbá ò yìn mí. Wọ́n kàn wúkọ́.

Bàbá ti papò dà. Tí mo bá gun ọ̀kadà mi lọ sí Bẹẹrẹ, orí òkè tó ṣáájú ilé ni mo ti ń pa ẹ́ńjìnnì, kó lè rọra yí dé ẹnu ọ̀nà. Màá wúkọ́ níwájú yàrá wọn, màá sì dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á wúkọ́ padà.