Adágún Gáàsì Tí Kò Lè Gbiná

Ẹ má bi mí bí gáàsì ṣe ń di adágún o, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi obìnrin ni mo mọ̀, tó ti ń rọ gáàsì sínú sílíńdà láti ọdún mọ́kànlélógún. Bó bá rọ ọ́ tán, á fi kànìnkànìn ọlọ́ṣẹ pa ẹnu sílíńdà náà. Bí ọṣẹ bá ń hó, gáàsì ń jò nìyẹn, kò ní jẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ì báà máa pariwo, etí ikún ló máa kọ sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbàgbé ọṣẹ. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Gáàsì jò, ó gbiná, iná náà ló sì pa ọkọ rẹ̀.

Ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bá ti yunifásítì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ríṣẹ́ sókè òkun. Iṣẹ́ kí ni? Ó ní òṣùpá kan wà lọ́nà jíjìn, kì í ṣe tiwa yìí o, adágún ńláńlá wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe omi ló wà nínú wọn. Gáàsì ni. Òun ló fẹ́ máa ṣèwádìí ẹ̀. Àmọ́ bí màmá òun ò bá fọwọ́ sí i, òun ò lọ.

Àbúrò mi jókòó lé sílíńdà òfìfo kan. “Gáàsì? Nínú adágún? Láìdé e?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́mì. Òtútù ibẹ̀ ló sọ ọ́ di olómi.”

“Ta ló ń ṣọ́ ọ?”

“Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.”

“Ìwọ wá fẹ́ lọ dá wà níbẹ̀?”

“Mi ò ní débẹ̀, mọ́mì! Àwòrán ẹ̀ la máa ń wò.”

Orí mi dàrú pátápátá. Mo ní, “Bí kò bá sẹ́nì kankan níbẹ̀, ta ló wá ya àwòrán?” Àbúrò mi ní kí n gbẹ́nu dákẹ́. Ìwọ̀sí gbáà!

Ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé, “Bó bá gbiná ńkọ́?”

“Kò lè gbiná. Afẹ́fẹ́ tí iná fi ń jó ò sí níbẹ̀. Bí ẹ tiẹ̀ ṣáná sí i, kò ní jó.”

Ó ní kó tún un sọ. Ọmọ tún un sọ.

“Kódà, bí ẹnì kan bá gbàgbé ọṣẹ?”

Omi lé ròrò sójú mi.

“Kódà bí ẹnì kan bá gbàgbé, mọ́mì.”

“Kò yé mi,” ni àbúrò mi wí. “Kò yé mi rárá. Àmọ́ máa lọ.”

Ló bá fún kànìnkànìn náà gbẹ, ó sì kì í bọ inú báàgì ọmọ rẹ̀.